Òpìtàn Ni Sheikh Adam Al-Ilory, Kì Í Ṣe Oníwàásù Lásán

Èrò kan wà tó ti di bárakú fún àwa tí a pe ara wa ní ọ̀mọ̀wé lágbègbè Ìkẹjà. Ní Opebi tí mo ń gbé, ẹ ó gbọ́ ọ níbi ìpàdé àdúgbò, ẹ ó gbọ́ ọ ní ọ́fíìsì, ẹ ó sì gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé gboyè ní Èkó àti ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ní Yorùbá kò ní àkọsílẹ̀ kankan kí àwọn míṣọ́nnárì tó dé. Wọ́n ní àwọn tó kọ ìtàn wa kò ju Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ tó kọ ìwé ìtàn Yorùbá, àti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì tó tẹ̀ lé e lọ. Wọ́n ní àfáà onílé-kéwú, bó ti wù kó mọ Kùránì tó, kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Àdúrà àti wàásù nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀.

N kò fara mọ́ èrò yìí rárá. Kò tọ̀nà, ó ń pa ìmọ̀ wa nípa ara wa lára, ó sì ti mú kí a kóyán ọ̀kan nínú àwọn òpìtàn ńlá ilẹ̀ Yorùbá kéré. Ọkùnrin náà ni Sheikh Adam Abdullahi Al-Ilory, ẹni tó dá ilé-ẹ̀kọ́ Lárúbáwá tí wọ́n ń pè ní Markaz Agége sílẹ̀. Bí èèyàn bá kúrò ní Opebi, tó gba Allen bọ́ sí ọ̀nà Awólọ́wọ̀, tó gba abẹ́ afárá Ìkẹjà bọ́ sí ọ̀nà Agége, kò ní rìn jìnnà kó tó dé ìlú tí bàbá yìí ti kọ ìwé ìtàn, tó sì ti ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wa là ń gba ojú ọ̀nà yẹn lọ sí ibi iṣẹ́ ní Ọgbà àti ní ọ̀nà Ọba Akran láràárọ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n nínú wa, oníwàásù ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Òpìtàn ni mo pè é, ẹ̀rí mi sì nìyí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀. Ní 1615, Ahmad Baba, àgbà ọ̀mọ̀wé ìlú Timbuktu, kọ ìwé kan ní Lárúbáwá láti dáhùn ìbéèrè tí wọ́n bi í nípa òwò ẹrú. Ó to orúkọ àwọn ẹ̀yà tí kì í ṣe Mùsùlùmí sínú rẹ̀, orúkọ Yorùbá sì wà láàrin wọn. Ó lé ní igba ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ní 1843, kí míṣọ́nnárì Samuel Ajayi Crowther tó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Ní 1812, Muhammad Bello, ọmọ Usman dan Fodio, sọ̀rọ̀ nípa Yorùbá nínú ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ Infaq al-Maysur. Àwọn tó ń fi Johnson na àwọn àfáà lẹ́gba kò rántí pé ọ̀rọ̀ Bello yìí ni Johnson fúnra rẹ̀ mú wá sínú ìwé rẹ̀ nígbà tó ń sọ̀rọ̀ nípa orírun wa; ọwọ́ Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, ló ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Orísun Lárúbáwá ti wà lábẹ́ ìwé tí àwa fúnra wa kà sí ìpìlẹ̀.

Ẹ tún wo Brazil. Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn ẹrú Mùsùlùmí dìtẹ̀ ní Salvador, olú-ìlú Bahia. Yorùbá ni púpọ̀ nínú wọn. Nagô ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba ṣẹ́gun wọn, wọ́n bá ìwé àfọwọ́kọ ní Lárúbáwá lára wọn àti nínú yàrá wọn: àdúrà, ẹsẹ Kùránì, tírà tí wọ́n so mọ́rùn. Àwọn ìwé náà ṣì wà nípamọ́ ní Bahia títí dòní. Ọdún mẹ́jọ nìyẹn ṣáájú ìwé Crowther. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa ń kọ̀wé ní ìgbèkùn, nígbà tí àwa ọmọ ọmọ wọn jókòó sí Opebi tí a ń sọ pé wọn kò mọ ìwé.

Àwọn míṣọ́nnárì ṣe iṣẹ́ ńlá, n kò sì fẹ́ gba ìyìn wọn lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fún èdè wa ní ìlànà àkọtọ́ tí mo fi ń kọ àròkọ yìí, wọ́n sì tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta ní 1859. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé, wọ́n bá wàláà àti tádáwà nílẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Inú ìran àwọn tó ń fi wàláà kọ́ ìmọ̀ yìí ni Sheikh Adam ti jáde. Wọ́n bí i ní 1917 ní Wasa, ní ilẹ̀ Dàhómì tí a ń pè ní Benin Republic lónìí. Ìlọrin ni bàbá rẹ̀ ti wá, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ náà ló sì ti bẹ̀rẹ̀ kéwú. Lẹ́yìn náà ló lọ jókòó lẹ́sẹ̀ àwọn àgbà: Sheikh Salihu Esinniobiwa ní Ìbàdàn, Sheikh Umar Agbaji, àti Sheikh Adam Namaji tó jẹ́ ọmọ Kano. Ní 1946 ó dé ilẹ̀ Íjíbítì, ó sì wọ al-Azhar láti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣètò ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1950, ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní Nàìjíríà àti lórí Usman dan Fodio ti jáde. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni nígbà náà. Ọdún mẹ́wàá ló ṣì kù kí Nàìjíríà tó gba òmìnira.

Àwọn tí kò mọ ilé kéwú rò pé kíké nìkan ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé ní ìlànà àwọn àfáà, kò tó kí èèyàn sọ pé òun mọ nǹkan. Wọ́n á bi í pé ọ̀dọ̀ ta ló ti gbọ́ ọ, ọ̀dọ̀ ta ni ẹni yẹn ti gbọ́ ọ, ṣé olóòótọ́ ni ẹni náà, ṣé àwọn méjèèjì sì gbé ayé nígbà kan náà. Ẹni tí wọ́n fi irú ìbéèrè yìí tọ́ láti kékeré ti kọ́ iṣẹ́ òpìtàn. Ohun tí yunifásítì ń fi ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọ́ ọmọ nípa yíyẹ ẹ̀rí wò, Sheikh Adam ti fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ kọ́ ọ, láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan dé ọ̀dọ̀ òmíràn.

Iṣẹ́ rẹ̀ fi hàn bẹ́ẹ̀. Ní 1965 ni ìwé rẹ̀ Mujaz Tarikh Nijiriya, tó sọ ìtàn Nàìjíríà ní kúkúrú, jáde ní Beirut, tí àwọn tó ń ka Lárúbáwá ní ilẹ̀ òkèèrè fi lè ka ìtàn orílẹ̀-èdè wa láti ọwọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà fúnra rẹ̀. Nínú Misbah al-Dirasat al-Adabiyya, ó pín ìwé Lárúbáwá tí wọ́n kọ ní Nàìjíríà sí sáà-sáà, láti sáà Bọ̀nú títí dé sáà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ìtàn mọ̀ pé pípín ìgbà sí sáà ni iṣẹ́ tó le jù nínú rẹ̀, nítorí ó gba kí òpìtàn ti ka gbogbo rẹ̀ kó tó lè sọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí òmíràn sì ti bẹ̀rẹ̀. Nínú Lamahat al-Ballur, ó kó ìtàn ìgbésí ayé àwọn àgbà àfáà Ìlọrin jọ. Ó kọ Nasim al-Saba lórí ẹ̀sìn Ìsìláàmù àti àwọn àfáà ilẹ̀ Yorùbá, ó sì tún kọ ìwé lórí orírun àwọn ẹ̀yà Yorùbá. Kì í ṣe òun nìkan ló rin ọ̀nà yìí: ní 1912, Ahmad ọmọ Abi Bakr, tí wọ́n ń pè ní Ọmọ Kòkòrò, ti kọ ìtàn àwọn ẹ́míà Ìlọrin ní Lárúbáwá, ọdún mẹ́sàn-án kí ìwé Johnson tó jáde ní 1921. Àṣà ìtàn kíkọ ti wà nílẹ̀. Sheikh Adam ló mú un gbòòrò dé gbogbo ilẹ̀ Yorùbá àti Nàìjíríà.

Mo mọ èsì tí àwọn tó takò mí máa fọ̀. Èkínní, wọ́n á bi mí pé yunifásítì wo ni Sheikh Adam ti gboyè ìtàn. Èmi náà á bi wọ́n pé yunifásítì wo ni Johnson lọ? Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti ìjọ CMS ní Abẹ́òkúta ló lọ, ó di olùkọ́, ó di àlùfáà ìjọ ní Ọ̀yọ́, ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897, ó sì kú ní 1901 láì fojú rí i ní títẹ̀. Jacob Egharevba tó kọ ìtàn ìlú Benin náà kò gboyè yunifásítì kankan kó tó kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó tìtorí ìyẹn pè wọ́n ní aláìmọ̀wé. Kí ló dé tí ìdíwọ̀n náà fi yí padà nígbà tó kan àfáà?

Àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹ wo ilẹ̀ Íńdíà. Iravatham Mahadevan, tí wọ́n bí ní 1930, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì. Ìmọ̀ òfin ló kà, iṣẹ́ ìjọba ló sì ń ṣe. Ṣùgbọ́n ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wọ inú ihò àpáta ní ilẹ̀ Tamil láti ka ọ̀rọ̀ tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ sára òkúta ní nǹkan bí ẹgbàá ọdún sẹ́yìn. Ní 1977, ó tẹ àkójọ àwọn àmì ìkọ̀wé àfonífojì odò Indus jáde, èyí tí àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ń lò. Ní 2003, ó tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí àwọn àkọlé Tamil àtijọ́ jáde. Ìjọba Íńdíà fi oyè Padma Shri dá a lọ́lá ní 2009, ọdún mẹ́sàn-án kó tó kú. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n wò. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá lè ka ohun tí ẹlòmíràn kò lè kà, tó sì ṣàlàyé rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí, ọ̀mọ̀wé ni, níbikíbi tó bá ti wá. Àwa ní ẹni tó ka ìwé tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn wa kò lè kà, a sì ní oníwàásù ni.

Èkejì, wọ́n á ní àfáà ni, nítorí náà yóò gbè sẹ́yìn ẹ̀sìn rẹ̀. Òótọ́ ni pé ó gba ẹ̀sìn rẹ̀ gbọ́ tọkàntọkàn, ìgbàgbọ́ náà sì hàn nínú ìwé rẹ̀. Àlùfáà ìjọ ni Johnson náà, ìgbàgbọ́ tirẹ̀ sì hàn gbangba nínú ìwé rẹ̀. Ó tilẹ̀ parí rẹ̀ pẹ̀lú ìrètí pé ẹ̀sìn Kírísítì yóò gbilẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ náà. Ìtàn tó sọ nípa Mẹ́kà gẹ́gẹ́ bí orírun wa, àwọn òpìtàn òde òní kò gbà á mọ́. Ṣé wọ́n wá sọ ìwé náà nù? Rárá. Wọ́n kà á, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n mú èyí tó tọ́, wọ́n sì fi ẹ̀rí tako èyí tí kò tọ́. Bí ó ṣe yẹ kí a ṣe sí Sheikh Adam náà nìyẹn. N kò ní kí ẹnikẹ́ni gba gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọlé. Bí ó bá ṣìnà níbì kan, kí òpìtàn mìíràn dìde kó fi ẹ̀rí já a. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ka ìwé kò lè dá ìwé lẹ́jọ́.

Ẹ̀kẹta, wọ́n á ní èdè àjèjì ló fi kọ̀wé. Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Èdè ìlú wo ni? Johnson fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, Saburi Biobaku àti J. F. Ade Ajayi náà fi Gẹ̀ẹ́sì kọ tiwọn, a sì ń yangàn pẹ̀lú wọn bó ti yẹ. Lárúbáwá ti pẹ́ ní ilẹ̀ yìí ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Nígbà tí Sheikh Adam bá dúró láti bá àwùjọ sọ̀rọ̀, Yorùbá tó dán mọ́rán ló fi ń sọ ọ́, àwọn tó gbọ́ wàásù rẹ̀ sì ń jẹ́rìí sí i títí dòní. Bí ìwé rẹ̀ kò bá sí ní Yorùbá lórí àtẹ lónìí, ẹ̀bi wa ni. Àwa tó yẹ kí a túmọ̀ rẹ̀ kò túmọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ tó máa ń dùn mí jù: pé ilé kéwú kò lè bí nǹkan kan ju alágbe lọ. Mo gbà pé ilé kéwú kan wà tí kò tọ́jú ọmọ bó ti yẹ, a sì gbọ́dọ̀ bá àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ wí. Ṣùgbọ́n Sheikh Adam gan-an ló dìde láti tún ilé kéwú ṣe. Abẹ́òkúta ló ti dá Markaz sílẹ̀ ní 1952, ó sì kó o wá sí Agége ní 1955. Ẹ rántí ọdún náà. Ní oṣù kìíní 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, abẹ́ ìjọba náà sì ni Ìkẹjà àti Agége wà nígbà náà. Lọ́dún tí gbogbo ọmọ ń rọ́ lọ sí ilé-ìwé, Sheikh Adam mú kéwú kúrò lórí ẹní, ó gbé e sínú kíláàsì. Ó fi àga àti pátákó ìkọ̀wé sí i, ó pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ìpele, ó fún wọn ní aṣọ ilé-ìwé, ìdánwò àti ìwé ẹ̀rí. Àwọn àgbà kan nínú àwọn àfáà bínú sí i pé ó ń sọ kéwú di ti òyìnbó. Kò padà lẹ́yìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, tó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìlọrin, tó sì tún di ọ̀gá àjọ JAMB, jókòó sí kíláàsì Markaz yẹn. Alágbe wo ni wọ́n ń wí?

Ohun tí èrò burúkú yìí ń gbà lọ́wọ́ wa ju orúkọ ẹnì kan lọ. Ní Ìlọrin, ní Ìwó, ní Ìbàdàn, ní Ẹpẹ́ àti ní Èkó, inú àpótí àwọn ẹbí àfáà ni ìwé àfọwọ́kọ wà: ìwé ogún pínpín, lẹ́tà, orúkọ àwọn Lèmọ́mù, ọjọ́ ogun àti ọjọ́ ikú. Nígbà tí bàbá bá kú, tí àwọn ọmọ kò sì ka Lárúbáwá, ikán ló ń jogún rẹ̀. Ní 1964, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ibùdó kan tó ń kó àkọsílẹ̀ Lárúbáwá jọ, iṣẹ́ rere sì ni. John Hunwick, òyìnbó tó kópa nínú iṣẹ́ yẹn, tẹ ìwé ńlá kan jáde ní 1995 lórí àwọn òǹkọ̀wé Lárúbáwá apá ibí yìí, ó sì ka àwọn àfáà ilẹ̀ Yorùbá àti Sheikh Adam mọ́ wọn. Paulo de Moraes Farias, ọmọ Brazil, fi ọ̀pọ̀ ọdún ka ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta ní ilẹ̀ Mali, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 2003. Ọ̀kan nínú àwọn àkọlé ibẹ̀, ní Essouk, ti wà láti nǹkan bí ọdún 1013. Àwọn àjèjì kọ́ Lárúbáwá kí wọ́n lè mọ ìtàn wa. Àwa tí a bí sí àárín rẹ̀ ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju gbogbo èèyàn lọ. A máa ń pe orúkọ Sheikh Adam níbi wálímà, a máa ń ṣàdúrà fún un, a sì ń fi wàásù rẹ̀ ránṣẹ́ sí ara wa lórí fóònù. Mélòó nínú wa ló ti ka ìwé ìtàn rẹ̀ kan tán? Àwa náà ló sọ ọ́ di oníwàásù nìkan, nítorí wàásù rọrùn láti gbọ́ ju ìwé lọ láti kà.

Nítorí náà, mo ń bẹ gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn. Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi orúkọ Sheikh Adam Abdullahi Al-Ilory sínú ẹ̀kọ́ ìtàn tí wọ́n ti dá padà sí ilé-ìwé, nítorí ilẹ̀ Èkó ló ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún márùndínlógójì kó tó kú ní 1992. Kí àwọn ẹ̀ka ìtàn ní yunifásítì wa má ṣe gbà kí ọmọ gboyè gíga nínú ìtàn ilẹ̀ Yorùbá láì kọ́ Lárúbáwá díẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ. Kí àwọn tó gbọ́ èdè méjèèjì túmọ̀ Mujaz Tarikh Nijiriya sí Yorùbá, kí àwọn olówó Opebi àti Allen sì san owó ìtẹ̀wé rẹ̀. Kí ẹbí tó bá ní àpótí ìwé àgbà nílé ya àwòrán rẹ̀ kí òjò àti ikán tó dé. Ẹni tó bá sì tún sọ níwájú yín pé àfáà kò mọ ìwé, ẹ má ṣe dákẹ́. Ẹ sọ fún un pé ní Agége, nítòsí wa níbí, àfáà kan jókòó, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn Nàìjíríà, ó tẹ ìwé, ó sì kọ́ àwọn tó ń kọ́ wa. Òpìtàn ni, ó sì yẹ kí a kà á bí òpìtàn.